Tọ́ọ̀ méjì ní Salvador, Bahia: bọ́ọ̀sì ò lè fi ìlú yẹn hàn yín, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn ín

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó tọ́ọ̀ ní Salvador láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì oní-AC ni, wọ́n á wá gbé yín ní hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, wọ́n á fi yín yí ìlú po, tó bá fi máa di aago mẹ́ta wọ́n ti dá yín padà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyá àgbàlagbà kan ni, ẹsẹ̀ ló fi ń mú èèyàn rìn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀lé e, owó tó ń gbà lójúmọ́ ò sì tó ìdajì owó bọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ fún ẹni tó ń kánjú: bọ́ọ̀sì gba ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, ìyá gba márùn-ún, ká ní mẹ́fà wà ǹ bá fún un.

Ẹni tí ò bá mọ Salvador rí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ìlú yẹn ṣe jókòó, torí bó ṣe jókòó gan-an ni bọ́ọ̀sì ò fi lè ṣe é. Ìlú èbúté ni, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, létí omi ńlá kan tó ya wọlé láti inú òkun. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1501 làwọn Potogí kọ́kọ́ wọ omi náà, ọjọ́ yẹn sì làwọn Kátólíìkì ń ṣàjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Baía de Todos os Santos nìyẹn. Ní 1549 Tomé de Sousa tẹ ìlú dó síbẹ̀, ó sì jẹ́ olú ìlú Brazil títí di 1763 tí wọ́n gbé ìjọba lọ sí Rio. Àwọn ará Holland gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1624, nígbà tó fi máa di 1625 wọ́n ti lé wọn jáde. Ìlú méjì ló wà lórí ara wọn: ti ìsàlẹ̀ wà lẹ́bàá omi, ibẹ̀ lọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, ibẹ̀ ni ọjà àti ilé kásítọ̀mù àtijọ́ wà, ti òkè sì wà lórí òkè kan tó dà bíi pé wọ́n fi àdá gé e wálẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì sí. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni lífítì kan tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda, láti 1873 ló ti ń gbé èèyàn, gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 72, kò tó ìṣẹ́jú kan tí wàá fi ti ìsàlẹ̀ dókè. Láyé ọjọ́un kó tó wà, orí àti èjìká àwọn èèyàn wa ni wọ́n fi ń ru gbogbo ẹrù tó bá ti inú ọkọ̀ bọ́ lọ sókè yẹn, ẹ rò ó wò, lójoojúmọ́, nínú oòrùn yẹn.

Gáìdì bọ́ọ̀sì wa gbọ́ òyìnbó dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó sì ní ọ̀yàyà. Àmọ́ ó ń sáré jù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló fún wa ní gbàgede tó wà lókè lífítì, ẹ ya fọ́tò, ẹ padà sínú bọ́ọ̀sì. A ya fọ́tò. Omi náà rẹwà gan-an ni, ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, odi olóbìírípo kan wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Forte de São Marcelo, ó dúró gbágbá sínú omi bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Gbogbo wa kọjú sí omi, a kẹ́yìn sí ilé àtijọ́ kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí à ń kẹ́yìn sí fún wa. Màá padà sórí ilé yẹn.

Láti ibẹ̀ ó di Mercado Modelo ní ìsàlẹ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun ọnà, inú ilé kásítọ̀mù àtijọ́ ló wà. Gáìdì mú wa sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilé, òkùnkùn díẹ̀, omi wà nílẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú sí tí wọ́n bá ti sọ̀ wọ́n kalẹ̀ látinú ọkọ̀, kí wọ́n tó tà wọ́n. Obìnrin kan tó wá láti Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, bú sẹ́kún. Èmi náà, ojú mi ti ń rọ̀. Ìgbà tí mo padà dé ibi tí mo dé sí tí mo wo ọdún tí wọ́n kọ́ ilé yẹn ni inú wá bí mi. 1861 ni wọ́n parí ẹ̀. Òfin tó fòpin sí kíkó ẹrú wọ Brazil láti òkè òkun, 1850 ni. Lóòótọ́ oko ẹrú fúnra ẹ̀ ò parí níbẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888, ìyẹn ò yí padà, àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe máa ti ọkọ̀ ẹrú kó èèyàn sábẹ́ ilé tí wọn ò tíì kọ́? Ohun tó dùn mí ni pé ìlú yẹn ò wá ìtàn tì. Ibi tó yẹ kéèyàn ti sunkún pọ̀ níbẹ̀, gidi ni wọ́n, ó sì ní ọdún, ó ní orúkọ. Kí ló dé tí wọ́n á gba owó lọ́wọ́ obìnrin yẹn tí wọ́n á jẹ́ kó da omijé ẹ̀ síbi tí kì í ṣe ibẹ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn wákàtí kan gbáko ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òkúta olówó iyebíye, oúnjẹ ọ̀sán ní ibì kan tó jẹ́ pé ìrẹsì, ẹran sísun àti pasta ló wà níbẹ̀, ní Bahia o! Ohun tí bọ́ọ̀sì ṣe dáadáa ò ju méjì lọ. Ó gbé wa dé Barra, ẹnu ibi tí omi ti pàdé òkun, iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ti wà níbẹ̀ láti 1698, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan tó jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi sì wà nínú odi tó yí i ká. Ó tún gbé wa kọjá lára adágún Dique do Tororó, níbi tí ère òrìṣà mẹ́jọ ti dúró lójú omi, gàgàrà gàgàrà, iṣẹ́ ọwọ́ Tati Moreno. Kọjá ni mo sọ, wọn ò dúró. Mo rí Ọ̀ṣun látojú fèrèsé.

Obìnrin tó ń bójú tó ilé tí mo dé sí ló rí bójú mi ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó ní òun mọ ẹnì kan. Bí mo ṣe mọ ìyá nìyẹn. Mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síbí, ìyá ni mo ń pè é, òun náà ọmọ mi ló ń pè mí lédè Potogí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ó wé gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń gun òkè yẹn bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀. Òyìnbó ẹ̀ kéré, Potogí tèmi kéré, fóònù ló ń bá wa túmọ̀ tó bá ti le. Ọmọ olórìṣà ni, láti kékeré ló ti ń kọ orin Yorùbá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Yorùbá tó wà lẹ́nu ẹ̀, Yorùbá orin ni, kì í ṣe Yorùbá ọjà. Kò lè fi ná ata, kò lè fi bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá dákẹ́ díẹ̀ tó gbé orin, ọ̀rọ̀ á máa bọ́ lẹ́nu ẹ̀ tí mo gbọ́ kedere, omi, ọ̀nà, ilé, ọba, ìyá, èmi á sọ ìtumọ̀ ẹ̀, òun á dúró gbagidi láàárín títì, á ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ni mí, ó ronú díẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní Nagô. Ànàgó. Orúkọ tí wọ́n ti ń pè wá níbẹ̀ látayé ẹrú nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a bẹ̀rẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tó mú mi lọ, gbàgede òkè lífítì yẹn náà ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti débẹ̀ lánàá, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ó di èjìká mi mú, ó yí mi kúrò lójú omi, ó kọjú mi sí ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ilé ìgbìmọ̀ ìlú ni. Abẹ́ ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n wà láyé ọjọ́un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1835, ọkùnrin Yorùbá kan wà nínú ẹ̀wọ̀n yẹn, Pacífico Licutan, àgbàlagbà, mùsùlùmí tí àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún, iṣẹ́ ewé tábà ló ń ṣe. Kò jalè, kò pààyàn, olówó ẹ̀ ló jẹ gbèsè tí wọ́n fi wá gbé òun tì mọ́lé bí ẹni gbé ìjókòó, pé àwọn máa tà á láti fi san gbèsè. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń lọ sópin, àwọn Malê dìde. Malê, ẹ̀yin náà pè é, ìmàle ni. Wọ́n tó 600, Ànàgó ló pọ̀ jù nínú wọn, Hausa náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn wọ aṣọ funfun, tírà wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì sáré wá sí gbàgede yìí láti wá tú bàbá yẹn sílẹ̀. Wọn ò ráyè. Wọ́n jà gba inú ìlú títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ dé etí omi ní Água de Meninos, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ti ká wọn mọ́. Ó lé ní àádọ́rin tó kú nínú wọn. Lẹ́yìn ìdájọ́ wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin, wọ́n na ọ̀pọ̀ ní pàṣán, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ sínú ọkọ̀ padà sí Áfíríkà. Lórí ibi tí mo ti ń ya fọ́tò lánàá ni gbogbo èyí ti bẹ́ sílẹ̀ o.

Àwọn tó padà yẹn ló mú mi débẹ̀ gan-an. Ìyá ìyá mi, ọmọ Pópó Àgùdà ni ní erékùṣù Èkó, àdúgbò tí àwọn tó ti Brazil dé tẹ̀dó sí, àwọn tí orúkọ wọn jẹ́ da Silva, da Costa, Pereira, tí wọ́n kọ́ ilé alájà pẹ̀lú fèrèsé onígun róbótó àti òdòdó sìmẹ́ǹtì lára ògiri, ọmọ Àgùdà kan náà, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Gbogbo Good Friday ni màmá àgbà máa ń se frejon, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè títí á fi ki, pẹ̀lú ẹja díndín. Mo sọ fún ìyá, mo fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń sẹ́ àgbọn, kò tíì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní feijão de leite! Àwọn náà ń sè é lọ́sẹ̀ Àjíǹde. Àwa méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn, à ń bára wa sọ̀rọ̀ ẹ̀wà fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò wo aago lẹ́ẹ̀kan. Àwọn bọ́ọ̀sì dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ.

Láti ibẹ̀ ó mú mi wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà àti Brazil, nínú ilé tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní Brazil. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí Carybé gbẹ́ òrìṣà sí lára pákó, pákó 27, gbogbo wọn ga ju èèyàn lọ, Ògún, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ọya, pẹ̀lú ẹranko wọn àti ohun èlò wọn. Ẹ wọ ibẹ̀ o, bí ẹ ò bá tiẹ̀ wọ ibòmíì. Ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco tí wọ́n fi wúrà bò nínú, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ló wà, òrùlé ẹ̀ já ní oṣù kejì ọdún 2025, ó pa arìnrìn-àjò kan, títì ni mo bá a.

Pelourinho ló kù. Àwọn ilé aláràbarà tí ẹ máa ń rí lórí fóònù, olómi ọsàn, olómi aró, pupa, UNESCO ti kọ ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé láti 1985, ibẹ̀ ni Michael Jackson ti wá ya fídíò ní 1996 pẹ̀lú àwọn onílù Olodum. Orúkọ yẹn, Pelourinho, òpó tí wọ́n ń so èèyàn mọ́ láti nà ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù kan wà ní ìdagẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, Rosário dos Pretos, àwọn dúdú ló kọ́ ọ fúnra wọn, 1704 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí pé ìgbà tí iṣẹ́ olówó wọn bá parí ni wọ́n ń ráyè kọ́ tiwọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ìyá mọ ohun tó ń ṣe tó fi ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ká bẹ̀rẹ̀, torí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń fi ìlù ṣe máàsì níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀. Ìlù ń dún, wọ́n ń gbé búrẹ́dì wọlé nínú apẹ̀rẹ̀ lórí, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń jó jẹ́jẹ́, èjìká nìkan, bí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe máa ń jó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ohun kan tún wà. Bàbá mi ọmọ Iléṣà ni, ọmọ Ọ̀wá Obòkun. A ń sọ̀kalẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ìyá nawọ́ sí ibi tí ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy ń lò. Àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1949, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Gandhi, àwọn alágbàṣe èbúté, ẹ rí i bí gbogbo nǹkan ìlú yìí ṣe ń padà sétí omi. Tó bá di Carnival wọ́n á wọ funfun, wọ́n á wé láwàní funfun, wọ́n á kún ojú títì lọ bí ìkùukùu. Mo bi í pé irú ìlù wo ni wọ́n ń lù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú sára ògiri fún mi, ó ní ijexá. Mo ní kí ló wí? Ó ní ijexá. Mo ní ìyá, Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ bàbá mi lẹ ń pè yẹn. Ó rò pé fóònù ló túmọ̀ ẹ̀ sódì. Ó di ìgbà tí mo ya máàpù Ọ̀ṣun sórí ìwé kó tó gbà, pé ilẹ̀ wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé èèyàn ń gbé ibẹ̀ lónìí, pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń lọ ọjà. Ó ní gbogbo ayé òun, orúkọ ìlù lòun mọ̀ ọ́n sí.

Ó yá, oúnjẹ. Acarajé, ẹ pè é jáde, àkàrà jẹ. Obìnrin tó wọ bùbá léèsì funfun, yẹ̀rì gbàgẹ̀rẹ̀, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, á jókòó sídìí àpótí ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ títì, agbada epo pupa ń hó níwájú ẹ̀. Ẹ̀wà wa yìí náà ni, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀, wọ́n á fi ìpọnkọ onígi gígùn lù ú títí á fi fúyẹ́, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù. Tó bá ti jinná wọ́n á là á láàárín, wọ́n á kó vatapá sí i, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹ̀pà, edé, omi àgbọn àti epo rò bí ọbẹ̀ tó ki, wọ́n á fi caruru, ilá nìyẹn, wọ́n á to edé gbígbẹ lé e lórí. Tó bá bi yín pé quente, kì í ṣe pé ṣé ẹ fẹ́ ẹ ní gbígbóná, ata ló ń bi yín, mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kíá, torí pé bí wọ́n bá rí àlejò wọ́n máa ń rò pé ẹ ò lè jẹ ata.

Ṣé ó dùn ju tiwa lọ? Kí n sọ tinú mi: àkàrà nìkan, rárá. Tiwọn nípọn, epo ẹ̀ pọ̀, wọn ò fi ata lọ̀ ọ́, ìyá alákàrà òwúrọ̀ ilé wa ṣì ń na wọ́n. Ṣùgbọ́n tí vatapá àti edé bá ti wọ inú ẹ̀, ẹ dákẹ́, mo jẹ méjì ní ìdúró. Ẹ bèèrè abará náà, ẹ̀wà kan náà tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tí wọ́n sè, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Acaçá ni ẹ̀kọ wa, funfun báláú nínú ewé. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà níbẹ̀, bó ṣe jẹ́ nílé, láyé ẹrú àwọn obìnrin tó ń kiri ẹ̀ máa ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ara wọn padà. Láti 2005 ni ìjọba Brazil ti ka iṣẹ́ wọn mọ́ ogún orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ife àgbáyé 2014 ń bọ̀, tí wọ́n fẹ́ lé wọn kúrò ní pápá Fonte Nova, àwọn obìnrin yẹn ò gbà, wọ́n jà títí wọ́n fi jẹ́ kí wọ́n tà. Ẹ rí i, tí ilé iṣẹ́ tọ́ọ̀ bá gbé yín dé Salvador tí ẹ ò jẹ àkàrà létí títì, owó yín ṣòfò.

Ọjọ́rú, ọjà São Joaquim, nísàlẹ̀ létí omi. Kò sí bọ́ọ̀sì tọ́ọ̀ kankan tí mo rí níbẹ̀, mo sì mọ ìdí ẹ̀, ilẹ̀ tutù, ó ń rùn, ó há. Èmi ni ká sọ pé mo délé. Ewé lóríṣiríṣi, ìkòkò amọ̀, igbá, ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, edé lókìtì lókìtì, epo nínú ìgò, obì àti orógbó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é, obi, orobô. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, sabão da costa, ọṣẹ etí òkun, aṣọ tí wọ́n ń fà lé èjìká, pano da costa, etí òkun tí wọ́n ń sọ, tiwa ni. Láyé ọjọ́un tábà Bahia ni ọkọ̀ ń kó lọ síhà ọ̀dọ̀ wa, aṣọ òfì, obì àti epo wà lára ohun tó ń kó bọ̀, èèyàn sì ni ẹrù tó ń kó bọ̀ jù. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Água de Meninos, ibi tí ìjà àwọn Malê parí sí. Ìyá dúró níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kan da omi díẹ̀ sílẹ̀ látinú ike tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rántí obìnrin Amẹ́ríkà yẹn. Ibí ló yẹ kí wọ́n gbé e wá.

Ọjọ́bọ̀ mo sinmi lọ́wọ́ ìyá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi fúnra mi lọ sí erékùṣù Itaparica, bí ogójì ìṣẹ́jú, láti èbúté tó wà lẹ́yìn Mercado Modelo. Erékùṣù yẹn ni ilé egúngún àtijọ́ wà, àwọn baba ń jáde níbẹ̀ títí di òní, ilé àdúrà ni, kì í ṣe ibi ìran, mi ò lọ yọjú. Ìgbà tí à ń padà bọ̀ ni mo wá rí ìlú náà látojú omi, bó ṣe ń ga bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ilé orí òkè, lífítì, ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn, àwọn tí wọ́n kó wá, wọn ò mọ orúkọ ẹ̀, wọn ò mọ̀ pé àwọn ló máa gun òkè yẹn títí ayé. Mi ò ya fọ́tò.

Ọjọ́ Ẹtì, funfun lásán ni ojú títì. Mo rò pé ayẹyẹ kan wà ni, ìyá ní rárá, Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ Oxalá. Òrìṣà Ńlá. Olùkọ́ wọ funfun, òṣìṣẹ́ báǹkì wọ funfun, ẹni tó ń ta ọsàn wọ funfun, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ lọ sílé òrìṣà, ó kàn ti mọ́ wọn lára. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim lórí òkè kékeré kan ní apá ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí ríbọ́ọ̀nù aláràbarà ti bo gbogbo irin géètì, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn. Tí ẹ bá so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kókó mẹ́ta, ohun mẹ́ta ni kí ẹ tọrọ, ẹ má já a, ẹ jẹ́ kó já fúnra ẹ̀. Ìyá àgbà kan ń jáde bọ̀ látinú ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ ìyá tèmi, ó tẹrí ba, ó ní epa babá. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì nìyẹn o. Èèpà bàbá, èmi náà dáhùn, mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.

Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀: bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, òkúta ni gbogbo ilẹ̀ Pelourinho, ó sì ń yọ̀ tójò bá rọ̀. Ẹ má gbé fóònù lọ́wọ́ kiri, pàápàá lálẹ́, tó bá ti ṣú ẹ wọ ọkọ̀, ẹ má fẹsẹ̀ rìn gba àárín ìlú òkè sí ìsàlẹ̀. Àwọn kan máa sáré so ríbọ́ọ̀nù mọ́ yín lọ́wọ́ pé ẹ̀bùn ni, lẹ́yìn náà wọ́n á bèèrè owó, ẹ rọra sọ pé rárá. Ẹ kọ́ Potogí díẹ̀, òyìnbó ò ràn ńbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gáìdì, ẹ bi àwọn tó ń gbé àdúgbò, ẹ bi àwọn ìyá alákàrà, ẹ má dúró lórí ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì bá nà sí yín. Àìdáa kan ṣoṣo tí mo rí lọ́wọ́ ìyá ni pé kì í dé lásìkò, aago mẹ́sàn-án ẹ̀, mẹ́wàá kọjá ni, tí ẹ bá sì ní ọkọ̀ òfúrufú láti wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ fi sọ́kàn. Kò yọ ìràwọ̀ kankan kúrò lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo fẹ́ san owó ìkẹyìn, kò kà á, ó ká a sínú gèlè, ó ní kí n padà wá ní oṣù kìíní fún ìwẹ̀ Bonfim. Ọjọ́bọ̀ kan ni, àwọn obìnrin aláṣọ funfun á ru omi òórùn dídùn àti òdòdó sórí, láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia létí èbúté títí dé Bonfim, bíi kìlómítà mẹ́jọ, gbogbo ìlú á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á fi omi yẹn fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹsẹ̀ lòun á fi rìn ín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ọkọ̀, mo sì ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi ra aṣọ funfun méjì ní Balógun, ìkan tèmi, ìkan ti ìyá.